Lẹ́tà sí Bàbá Ìbàdàn, tó ní básíkẹ́ẹ̀tì kò ládùn

Bàbá Ìbàdàn,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé dáadáa ni gbogbo ilé wà? Ọ̀rọ̀ kan tí ẹ sọ nígbà Iléyá kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ẹ ní eré tí ẹgbẹ́ kan ti ń rí ọgọ́rùn-ún pọ́ìntì gbà lálẹ́ ọjọ́ kan kì í ṣe eré, ẹ ní ohun tó bá rọrùn tó bẹ́ẹ̀ kò lè dùn. Kò yẹ kí n já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ yín lẹ́nu lójú gbogbo ilé. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Ibi tó yẹ kí n ti gbà fún yín, mo gbà. Ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1994, ní Dallas, Rashidi Yekini tí ẹ ti ń pàtẹ́wọ́ fún láti ìgbà tó wà ní Shooting Stars gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Bulgaria. Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú ife ẹ̀yẹ àgbáyé nìyẹn. Ó sáré wọnú àwọ̀n, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, ó dì í mú, ó ń ké. Ta ló lè di àwọ̀n mú báyẹn nínú básíkẹ́ẹ̀tì? Kó tó ké tán, àwọn yòókù á ti sáré padà lọ ju tiwọn sílé. Góòlù tó ṣọ̀wọ́n tún máa ń fi àyè gba aláìlágbára. Ní 1990, Cameroon fi góòlù kan ṣoṣo lu Argentina tó gba ife ẹ̀yẹ lọ́dún mẹ́rin ṣáájú, ènìyàn mẹ́sàn-án ni Cameroon sì fi parí eré ọ̀hún. Irú ìyẹn ò wọ́pọ̀ nínú básíkẹ́ẹ̀tì. Bí ẹgbẹ́ méjì bá ti ju bọ́ọ̀lù tó ọgọ́rin ìgbà níkọ̀ọ̀kan, ẹni tó mọ̀ ọ́n jù ló máa ń borí.

Ṣùgbọ́n ẹ ní pípọ̀ tí ayò pọ̀ ló ń ba eré náà jẹ́. Èmi ní àìsí ẹni tó ń dènà ló ń ba eré jẹ́, ìbáà jẹ́ ayò kan tàbí ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀yin fúnra yín kì í bá àwọn ọmọ kéékèèké ta ayò ọlọ́pọ́n, ẹ ní jíjẹ tí ẹ bá jẹ wọ́n kò dùn mọ́ yín. Bẹ́ẹ̀ ọmọ ayò tí ẹ máa ń jẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà ẹgbẹ́ yín kò kéré.

James Naismith tó dá eré yìí sílẹ̀ ní Springfield, ní Amẹ́ríkà, lóṣù kejìlá ọdún 1891, apẹ̀rẹ̀ èso ló kàn mọ́ ara bákónì gbọ̀ngàn eré. Eré àkọ́kọ́ parí sí 1–0. Ẹ̀yin ìbá fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ wá gbọ́ ti ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 1950. Fort Wayne Pistons lọ bá Minneapolis Lakers nílé wọn. Lakers ní George Mikan, òmìrán tí apá ẹnikẹ́ni kò ká. Kí ni Pistons ṣe? Wọ́n di bọ́ọ̀lù mú. Wọ́n dúró, wọ́n ń jù ú síra wọn, àkókò ń lọ. Eré parí sí 19–18. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ péré ni bọ́ọ̀lù wọ apẹ̀rẹ̀ láti inú eré gan-an. Ìyókù jẹ́ èyí tí rẹfirí ní kí wọ́n jù láìsí ẹni tó máa dí wọn lọ́wọ́. Ó ṣọ̀wọ́n tó bí ẹ ṣe fẹ́, Bàbá, síbẹ̀ inú bí àwọn òǹwòran. Wọ́n sanwó wá wo ìdíje, ìsápamọ́ ni wọ́n rí.

Ó di 1954 kí Danny Biasone, tó ni ẹgbẹ́ Syracuse, tó rí oògùn rẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé nínú eré tó dùn, ẹgbẹ́ méjèèjì lápapọ̀ máa ń ju bọ́ọ̀lù tó ọgọ́fà ìgbà. Ìṣẹ́jú 48 ni eré, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 2,880. Ó pín in sọ́nà ọgọ́fà, ó kan 24. Bí ẹgbẹ́ kan kò bá ju bọ́ọ̀lù kí ìṣẹ́jú-àáyá 24 tó pé, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ wọn. Láàárín sáà kan, pọ́ìntì tí ẹgbẹ́ kan ń rí nínú eré fò láti bí 80 sí 93. Àwọn kan á ní aago yẹn ló sọ ọ́ di ohun ìrọ̀rùn. Èmi kò gbà. Ṣe ló fi dandan mú ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù mọ́ra pé kó jáde wá kojú ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá náà lo irú oògùn yẹn. Ife ẹ̀yẹ 1990 tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan, góòlù 2.21 ló kan eré kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù á dá bọ́ọ̀lù padà fún gólì tiwọn, gólì á gbé e mọ́yà. Ní 1992 wọ́n fòfin dè é.

Ẹ wá wo òdìkejì. Lóṣù kejì ọdún 2024, ní Indianapolis, eré àwọn ìràwọ̀ NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì tó ga jù ní Amẹ́ríkà, parí sí 211–186. Àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù láyé ni, kò sì sí ẹni tó nawọ́ dí ẹnì kejì rẹ̀. Ibẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ yín ti bá a mu. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n yí ètò eré náà padà. Èyí tó dùn mí jù ni ti Olympics London 2012, tí Amẹ́ríkà fi 156 lu àwa tí a ní 73. Carmelo Anthony nìkan rí 37 láàárín ìṣẹ́jú 14. Lóṣù keje ọdún 2021, ní Las Vegas, nínú ìdíje ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́, àwa náà lù wọ́n 90–87. Pọ́ìntì 177 ló wọlé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ̀mí ẹni kò sì balẹ̀ títí wọ́n fi fun fèrè. Èwo nínú rẹ̀ la fẹ́ pè ní èyí tó rọrùn?

Mo rò pé nǹkan mìíràn ló ń sú yín, tí ẹ kàn ń pè é ní ìrọ̀rùn. Ní 1979 ni NBA fa ìlà pọ́ìntì mẹ́ta sílẹ̀: ẹni tó bá ju bọ́ọ̀lù wọlé láti ẹ̀yìn ìlà náà á rí pọ́ìntì mẹ́ta dípò méjì. Ní sáà yẹn, iye ìgbà tí ẹgbẹ́ kan ń jù ú láti ẹ̀yìn ìlà nínú eré kan kò pé mẹ́ta. Ní báyìí ó ti ju 35 lọ. Díẹ̀ lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń wọlé, nítorí náà kò rọrùn rárá. Ṣùgbọ́n ó jọra jù. Ẹgbẹ́ tibí dúró lókèèrè jù ú, ẹgbẹ́ tọ̀hún ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń sú èmi náà, mo sì fẹ́ kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i.

Àwọn tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni àwọn ọmọbìnrin wa, D'Tigress, ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin Nàìjíríà. Ní Olympics Paris 2024, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Rena Wakama, wọ́n lu Australia 75–62, wọ́n lu Canada 79–70, wọ́n sì di ikọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó dé àárín mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú básíkẹ́ẹ̀tì Olympics. Ìdènà ni wọ́n fi ṣe é. Ọmọ Australia kò tíì gbé bọ́ọ̀lù kúrò lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ tí ọ̀kan nínú wọn ti wà níwájú rẹ̀, ọwọ́ nínà, ẹsẹ̀ kò dúró lójú kan, ẹnì kejì ti ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ó di kó jù ú lójijì, ó bọ́ sọ́wọ́ wa. Amẹ́ríkà ló lé wọn jáde, 88–74. Ẹ fi ìyẹn wé 156–73 ti àwọn ọkùnrin wa.

Lóṣù kẹjọ ọdún 2025, ní Abidjan, wọ́n gba ife Áfíríkà lẹ́ẹ̀karùn-ún léraléra. Bí wọ́n bá tún fẹ́ gbá, màá wá sí Ìbàdàn ká jọ wò ó. Mo bẹ̀ yín, ẹ má wo iye tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń dènà ni kí ẹ wò. Bó bá ku ìṣẹ́jú kan, tí ìyàtọ̀ kò ju pọ́ìntì méjì lọ, tí ẹ bá ṣì fẹ́ yí i sí bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá, èmi fúnra mi ni màá gbé rìmóòtù fún yín.

Ẹ bá mi kí Màmá dáadáa.

Ọmọ yín, láti Èkó