Háìláìfù oníkóòtù

Kubwa, Àbújá
Alẹ́ ọjọ́ Sátidé

Kúnlé ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù o. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo fi àwòrán yìnyín tí o fi ránṣẹ́ han Bàbá. Wọ́n wò ó títí, wọ́n wá bi mí pé ṣé wọ́n ń sanwó fún ẹ ni, tí o fi gbà láti máa gbé inú fíríìjì. Wọ́n wà lọ́dọ̀ wa níbí láti ìgbà tí wọ́n ti wá yẹ ojú wọn wò.

Ọ̀rọ̀ Fẹlá Ṣówándé, olórin wa tó kọ orin sílẹ̀ fún dùùrù àti gòjé òyìnbó, ló gbé mi dìde. Ẹgbẹ́ akọrin wa fẹ́ kọ orin rẹ̀ nígbà ìkórè, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa rẹ̀. Ohun tí ìwọ àtèmi mọ̀ ní Kàdúná náà ni mo mọ̀: pé ní 1905 ni wọ́n bí i, pé àlùfáà Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀, pé Èkúndayọ̀ Phillips ló kọ́ ọ lórin ní Kàtídírà Èkó. Àfi ìgbà tí mo kà á jìnnà ni mo rí i pé ó ṣe orin fíìmù nígbà ogun Hítílà!

Lọ́dún 1934 ló lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ ẹnjiníà ló bá lọ. Orin gbà á lọ́wọ́ iṣẹ́ yẹn. Ó bá Adelaide Hall, akọrin ọmọ Amẹ́ríkà, ṣeré nílé ijó, ó tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá ní iléeṣẹ́ kan, Colonial Film Unit, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1939 láti máa ṣe fíìmù fún àwa tí wọ́n ń jọba lé lórí: ẹ fọwọ́, ẹ pa ẹ̀fọn, ẹ wo bí ọmọ ogun wa ṣe gbóyà tó. Ṣówándé ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá orin níbẹ̀.

Ni mo bá ké sí Bàbá, nítorí Sábọ̀n-Gàrí Kánò ni wọ́n dàgbà sí, wọ́n sì wo irú fíìmù ìjọba yẹn, tí wọ́n ń fi mọ́tò gbé kiri. Májìgí ni àwọn Hausa ń pè é. Wọ́n ní wọ́n á ta aṣọ funfun sáàárín pápá, jẹnẹrétọ̀ á máa han, ọmọ tí kò bá sì ráyè níwájú á gba ẹ̀yìn aṣọ lọ, níbi tí ọwọ́ ọ̀tún ti di ọwọ́ òsì. Mo ní orin rẹ̀ ńkọ́? “Orin wo? Ògbufọ̀ ló gba ẹnu mọ́ gbogbo wa lẹ́nu. Ó ń fi Hausa ṣàlàyé, o ò lè gbọ́ nǹkan mìíràn.” Mo lọ wádìí, òótọ́ ni: ọ̀pọ̀ fíìmù wọ̀nyẹn ni kò ní ohùn rárá, ẹni tó bá mọ́tò wá ló ń sọ ọ́.

Ó dùn mí díẹ̀. Kúnlé, ta ló lè kọ ẹyọ kan nínú orin fíìmù yẹn lónìí? Ṣùgbọ́n inú ogun yẹn kan náà, ní 1944, ni African Suite jáde. Gòjé òyìnbó àti háàpù ni gbogbo rẹ̀, kò sí ìlù kankan níbẹ̀. Orin márùn-ún ni. Ohùn orin tí Ephraim Amu ará Ghana kọ wà nínú àkọ́kọ́, Akinla ló kẹ́yìn. Mo gbé Akinla sí i lórí fóònù. Ìwọ náà mọ Bàbá, wọn kì í ráyè fún orin òyìnbó. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ọ̀pá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀, èjìká náà sì tẹ̀ lé e. “Háìláìfù nìyí! Ta ló wọ̀ ọ́ ní kóòtù?”

Ibi tó kàn ẹ́ rèé. Clyde Gilmour ṣe ètò orin kan lórí rédíò CBC ní Kánádà ọ̀dọ̀ yín láti 1956 títí di 1997. Akinla yìí ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Bí o bá rí àgbà òyìnbó kan ní ibùdó bọ́ọ̀sì, fi imú kọ ọ́ sí i létí. Á mọ̀ ọ́n. Bóyá kò ní mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ló ni ín.

Àwa tí a ni ín ńkọ́? Kérésìmesì dé, orin Handel, òyìnbó àtijọ́, ló gba gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì Àbújá. Mi ò bá Handel jà o! Ṣùgbọ́n Folk Symphony tí Ṣówándé kọ fún òmìnira wa ní 1960, èmi ò tíì jókòó síwájú ẹni tó ń fi gòjé kọ ọ́ rí. Amẹ́ríkà ló kú sí, ní Ravenna, ìpínlẹ̀ Ohio, ní 1987.

Oyígíyìgì rẹ̀ ni a ń fi dánra wò. Dùùrù onípáìpù ló kọ ọ́ fún. Kíbọ́ọ̀dù la ní, kọ́kọ́rọ́ kan láàárín rẹ̀ kò dún mọ́. Bí a bá dé ibẹ̀, ọ̀gá akọrin á fi ẹnu kún un: “hùn-ún!” Lánàá iná lọ, ó sì fi ẹnu kọ gbogbo rẹ̀ tán. Jọ̀ọ́, bí ilé ìkàwé yunifásítì ọ̀hún bá ní ìwé orin rẹ̀, wò ó fún mi.

Bàbá ń pè mí láti pálọ̀. Wọ́n ní kí n tún gbé háìláìfù oníkóòtù yẹn sí i.

Èmi ni,
Fẹ́mi