Fìlà Olóṣèlú àti Ojú Bàbá Mi

Ìkẹ́nnẹ́,
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Bọ́sẹ̀ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni? Ṣé òtútù Kánádà ò tíì gbé yín mì? Àwọn ọmọ ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́? Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ̀wé sí ọ, iṣẹ́ ni ò jẹ́. Tí mo bá ní kí n sọ ọ́ lórí fóònù, káàdì á tán kí n tó dé ìdí ọ̀rọ̀. Ìyẹn ni mo ṣe jókòó ti bébà, bí a ti máa ń ṣe nígbà tí ìwọ wà ní Ṣàgámù tí èmi wà nílé.

Kí n bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó wà lẹ́nu mi. Bọ́sẹ̀, ayé fìlà ti yí padà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti búra fún Tinubu ní May 29, 2023, oníbàárà mẹ́ta ò lè wọlé kí méjì má béèrè fìlà alámì yẹn. O mọ̀ ọ́n: àmì tí wọ́n fi òwú kọ síwájú, tó rí bí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ tó já, tí àwọn ọmọ àdúgbò wa ń pè ní ẹ́ẹ̀tì tó sùn. Mínísítà ń dé e, gómìnà ń dé e. Àwọn ará Òkè Ọya tí fìlà tiwọn lẹ́wà, tí a ti mọ fìlà náà mọ́ wọn lórí láti ìgbà Shagari, àwọn náà ti ń dé e. Mo lọ síbi ìdúpẹ́ kan ní Ṣàgámù lóṣù tó kọjá, mo ka fìlà alámì mọ́kànlélógún ní ìlà mẹ́ta tó wà níwájú, mi ò tíì ka àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo wá ń rò ó pé tí wọ́n bá ní kí gbogbo wọn ṣí fìlà fún àdúrà, tí wọ́n kó o jọ sójú kan, báwo ni kálukú ṣe máa mọ tiẹ̀?

Owó ń wọlé fún mi níbẹ̀ o, mi ò lè purọ́. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí. Fìlà olóṣèlú ní ojú tiẹ̀ nígbà kan. Òjìji rẹ̀ lásán lo máa rí lókèèrè tí wàá ti mọ ẹni tó ń bọ̀. Ṣé o rántí fìlà Amósùn? Láti 2011 sí 2019 tó fi ṣe gómìnà wa, fìlà yẹn ń lọ sókè ni, ó dúró gbọn-in bí òpó. Ọkùnrin kan ní kí bàbá mi rán irú rẹ̀ fún òun, aṣọ fìlà méjì ni bàbá gé fún ẹyọ kan, ó sì fi aṣọ líle tẹ́ inú rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta kó má baà wó. Ọkùnrin náà dé e, ó wo dígí, inú rẹ̀ dùn, ó wọ mọ́tò, fìlà lu òrùlé mọ́tò, ó ṣe gbì! Ó ṣí i, ó gbé e sórí ẹsẹ̀, ó sì rọra ń pa á lórí bí ọmọ títí mọ́tò fi gbéra. Àwa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun fẹ́ràn fìlà Amósùn, pé ẹni tó ni ín mọ ohun tó fẹ́, kò wo ti ẹnikẹ́ni kó tó dé e. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Mo fẹ́ràn Jonathan náà pẹ̀lú àkẹtẹ̀ dúdú rẹ̀ àti aṣọ gígùn ilẹ̀ wọn. Mo fẹ́ràn Peter Obi tó jẹ́ pé dúdú ló ń wọ̀ ṣáá, kò sí ẹni tó máa rí i kó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Irùngbọ̀n Arẹ́gbẹ́ṣọlá pàápàá, aṣọ ni. Èyí tí mi ò fẹ́ràn ni ìgbà ìpolongo 2015, tí wọ́n fi kóòtù àti táì sí Buhari lọ́rùn nínú fọ́tò. Ọkùnrin yẹn gùn, ó tínrín, bàbàǹrìgá yẹ ẹ́ ju ohunkóhun lọ.

Bàbá mi ní gbogbo wọn ò tó Okotie-Eboh. Mínísítà ìṣúná ni, kí àwọn ṣójà tó pa á ní 1966. Ó ní ìró rẹ̀ gùn débi pé ọmọkùnrin kan ló ń gbé ìdí rẹ̀ tẹ̀lé e lẹ́yìn, àkẹtẹ̀ oníyẹ̀ẹ́ wà lórí rẹ̀, ó ń rìn lọ bí ọ̀kín. Bí bàbá bá ti ń sọ ọ́, á dìde, á fi aṣọ àwọ̀sùn rẹ̀ wọ́lẹ̀, á ní kí ọmọ iṣẹ́ wá bá òun gbé e. O mọ bó ṣe máa ń ṣe.

Ṣùgbọ́n tí o bá fẹ́ kó dákẹ́ àwàdà, dárúkọ fìlà Awo. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́n ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó bá fi fìlà Awo ṣeré, bàbá mi ò ní rán aṣọ fún un. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni bàbá mi ní January 1955 tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ọmọ kẹrin ni lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, oko ni ì bá wà. Ó ní nígbà tí Awo bá wá sílé ní Ìkẹ́nnẹ́ ńbí, àwọn ọmọ iléèwé á sáré lọ dúró lẹ́bàá ọ̀nà, oòrùn á máa tàn lára awò ojú rẹ̀ olójú róbótó, òun ò sì ní rí ojú rẹ̀, awò yẹn nìkan lòun máa ń rí. Ní 1979 tó du ipò Ààrẹ, tó tún gbé ìka méjì sókè fún wọn, bàbá mi ti di géńdé onífìlà nígbà náà, ó ní fìlà lòun ń wò, pé òun ń wo bó ṣe jókòó. Bọ́sẹ̀, nǹkan tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ló ti wá. Kó jókòó. Kó má ga ju orí lọ, kó má sì bo iwájú orí mọ́lẹ̀ bí ẹni tó jẹ gbèsè. Kí téèpù ó sọ íǹṣì 23, kí o tún fi ọwọ́ wọn orí náà, torí téèpù ò mọ ibi tí orí ti gun.

Ṣé o rántí ọjọ́ ìsìnkú Màmá HID, ìyàwó Awo, November 25, 2015, tó jẹ́ pé ọjọ́ yẹn gan-an ni wọn ì bá pé 100 ọdún? Tí èmi àtìẹ dúró látàárọ̀, tí ìwọ ń ka gèlè, tí èmi ń ka fìlà? O ní Ọ̀ṣínbàjò ló gba ipò kìíní lọ́wọ́ gbogbo wọn, pé ọmọ ilé ni, mo ní o ń ṣègbè. Mi ò tíì gbà títí dòní.

Ọ̀rọ̀ ilé: Tóbi ti yege ìdánwò, ìyá ìjọ ti ṣílé, afẹ́fẹ́ ṣí páànù ẹ̀yìnkùlé wa mẹ́ta. Láti ìgbà tí Awùjalẹ̀ ti wàjà ní July 2025, ọ̀rọ̀ ta ló kàn ni gbogbo Ìjẹ̀bú ń sọ. Gàrí tí o ní kí n fi ránṣẹ́ ti wà nílẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún ni mò ń wá.

Nǹkan kan tún wà. Ẹnì kan lágbègbè wa tó ń múra ìbò 2027 rán àwọn ọmọ rẹ̀ wá, wọ́n ní kí n rán fìlà 150. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Mo rán an, àwa mẹ́ta ò sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀, owó 60 ni wọ́n san. Tí mo bá pè, wọ́n á ní ọ̀gá wà ní Abuja. Àwọn ọlọ́kadà ni wọ́n pín fìlà náà fún, mo sì mọ iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ojoojúmọ́ ni owó mi ń gun ọ̀kadà kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù. Owó yẹn ní ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, Bọ́sẹ̀. Òun ni mo ń bọ̀ wá sọ.

O rántí owó 100 náírà tí bàbá mi fi mọ́ ògiri lókè máṣìn-ín rẹ̀ láti ìgbà tí owó náà kọ́kọ́ jáde ní 1999? Èyí tó fi ọ̀rá bò, tó jẹ́ pé àwòrán Awo orí rẹ̀ ló fi ń kọ́ gbogbo ọmọ iṣẹ́? Ọmọ iṣẹ́ wa kékeré bá a nílẹ̀ lọ́jọ́ kan tí afẹ́fẹ́ já a, kò mọ̀, ó fi ra pọfupọ́ọ̀fù. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ẹ̀rù bà á, ó wá owó mìíràn, ó rọra fi sínú ọ̀rá náà, ó gbé e kọ́ padà. Igba náírà ló fi síbẹ̀. Àwòrán Ahmadu Bello pẹ̀lú láwàní rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè tó kọjá, oníbàárà kan wọlé, bàbá mi dìde bó ti máa ń ṣe, ó na ìka sí ògiri, ó ní, “Wo fìlà Awo níbẹ̀ yẹn. Wo bó ṣe jókòó.” Oníbàárà náà rò pé eré ni, ó bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi bá a rẹ́rìn-ín. Èmi ń wo ìka bàbá mi tó ń tọ etí láwàní yẹn, tó ń ṣàlàyé ibi tí aṣọ ti kákò, abẹ́rẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ìdí tó fi jẹ́ pé ọmọ iṣẹ́ ló ń bá a fi òwú sínú abẹ́rẹ́ láti ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, ìdí tó fi ń fi ìka wá ojú rírán. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ní nǹkan bíi kùrukùru ló bo inú ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì, pé iṣẹ́ abẹ ni, ojú kan ní àkọ́kọ́, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi awò tín-ín-tín kan rọ́pò rẹ̀, pé kì í pẹ́, yóò sùn nílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Bàbá kọ̀. Ó ní, “Mo ti fojú mi rí Awo. Kí ló tún kù tí mo fẹ́ wò, ẹ́ẹ̀tì tó sùn?” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lóru, mo gbọ́ ọ tó dìde, tó ń fi ọwọ́ tọ ògiri lọ sí ilé ìtọ̀.

Bọ́sẹ̀, mi ò bẹ̀ ọ́ lówó. Tí àwọn olóṣèlú yìí ò bá tiẹ̀ san, màá wá a. Ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o pè é. Ìwọ nìkan ló lè sọ ọ́ kó gbọ́, láti ìgbà ọ̀rọ̀ Ìpẹru yẹn kò tíì kọ ohùn rẹ rí. Pè é lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, bí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ níbí, ó máa ti jẹun. Má sọ pé èmi ni mo ní kí o pè. Bi í léèrè fìlà, kó sọ̀rọ̀ títí, kí o tó mú ti ojú wọ inú rẹ̀.

Tí o bá sì rí awò ojú olójú róbótó níbẹ̀, irú ti Awo gan-an, bá mi wo iye tó jẹ́. Ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ ni mo fẹ́ ẹ fún. Má tíì sọ ìyẹn fún un.

Ọmọ iṣẹ́ ti wá owó 100 náírà mìíràn, ó mọ́ dáadáa. A ò tíì gbé e kọ́.

Kí gbogbo ilé fún mi.

Tìrẹ nígbà gbogbo,
Fọ́lákẹ́