Àgbákò Kò Ní Ìwo

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, kí n dá sí iyàn tí àwa olólùfẹ́ ìwé Fágúnwà ń bá ara wa jà lórí bó ṣe yẹ kí ayàwòrán ya Àgbákò, iwin abàmì inú ìwé rẹ̀. Àwọn kan ní kò sí aburú níbẹ̀ bí wọ́n bá kùn ún ní pupa, tí wọ́n fi ìwo méjì sí i lórí, tí wọ́n fi ìrù sí i nídìí. Wọ́n ní iwin ṣá ni, ta ló rí i rí? N kò gbà.

Fágúnwà ti bá wa rí i. Ẹ ṣí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ẹ lọ síbi tí Àkàrà-ògùn, ọdẹ tó ni ìtàn náà, ti pàdé rẹ̀. Fìlà irin ló dé, ẹ̀wù idẹ ló wọ̀, ṣòkòtò awọ ló wà nídìí rẹ̀. Láti orúnkún dé ẹsẹ̀, bí imọ̀ ọ̀pẹ ló rí. Àwọ̀n irin wé mọ́ ọn láti ìdodo dé ìdí, oríṣiríṣi ẹ̀dá ló fi inú rẹ̀ ṣe ilé, títí kan ejò tó ń yọ ahọ́n bí ọ̀gá náà ṣe ń rìn. Orí rẹ̀ gùn, ó sì tóbi. Ojú mẹ́rìndínlógún ló yí i ká, wọ́n ń yí bírí bírí. Irun rẹ̀ gùn dé ìbàdí. Kùmọ̀ méjì lọ́wọ́, idà mẹ́ta nínú àkọ̀. Kí ló kù tí ayàwòrán ń wá tó fi lọ tọrọ ìwo?

Ìwo yẹn ló dùn mí jù. Inú àwòrán Sátánì tí àwọn ará Yúróòpù máa ń yà ni wọ́n ti mú un. Fágúnwà kò ṣàìmọ Sátánì onígbàgbọ́: olùkọ́ ni, ọmọ ìjọ ni, ilé ìtẹ̀wé CMS, ti àwọn ajíhìnrere, ló sì tẹ ìwé náà jáde ní 1938. Bó bá wù ú kí Àgbákò ní ìwo, ta ni ì bá dí i lọ́wọ́? Irin, idẹ, imọ̀ ọ̀pẹ àti ejò ló yàn. Ọmọ tó bá sì kọ́kọ́ rí oníwo kó tó ka ìwé, oníwo ni yóò máa rí títí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sọ́dọ̀ wa. Suzanne Collins, ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ kedere sínú The Hunger Games pé ara ọmọdébìnrin tó ń jẹ́ Rue dúdú. Nígbà tí fíìmù rẹ̀ jáde ní 2012, tí ọmọ adúláwọ̀ sì ṣe Rue, àwọn kan tó pe ara wọn ní olólùfẹ́ ìwé náà fárí gá. Wọ́n ti ka ìwé, wọn ò rí ohun tó wà níbẹ̀.

N kò ní kí gbogbo ayàwòrán máa ya ohun kan náà o. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ ìwé Fágúnwà sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, Bruce Onobrakpeya, ọmọ Urhobo, ló ya àwòrán inú rẹ̀. Ọwọ́ tirẹ̀ ló fi yà á, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Ibi tí Fágúnwà bá ti dákẹ́, kí oníkálùkù ṣe bó ṣe wù ú. Ṣé Àkàrà-ògùn pọ́n ni àbí ó dúdú? Ṣé imú rẹ̀ gùn? Ẹni tó bá torí ìyẹn bú ọmọnìkejì ti ṣàṣejù.

Wọ́n á ní ojú mẹ́rìndínlógún ṣòro láti yà. Ó ṣòro lóòótọ́. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ẹ̀yin atẹ̀wé, mo bẹ̀ yín: kí ẹ tó gbéṣẹ́ fún ayàwòrán, ẹ fún un ní ìwé náà lódindi, lédè Yorùbá. Bí kò bá lè kà á, ẹ wá ẹni tí yóò kà á sí i létí. Kí ẹ sì tẹ ọ̀rọ̀ Fágúnwà sábẹ́ àwòrán, kí òǹkàwé lè ka ojú Àgbákò fúnra rẹ̀ bóyá ó pé.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.