Ọmọ Ọlọ́mọ Ni Wọ́n

Ẹ̀búté-Mẹ́ta, Èkó.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Báwo ni iṣẹ́ míṣọ́n àti òtútù ibẹ̀? Mo gbọ́ ohùn rẹ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, mo mọ̀ pé ikọ́ yẹn kò tíì lọ. Jọ̀wọ́, ra súwẹ́tà tó nípọn, torí oṣù Kẹfà àti Keje ni òtútù Màláwì máa ń mú jù. Bàbá rẹ ń kí ọ. Inú rẹ̀ dùn pé o ti ń jẹ nsima, ó ní tùwó àgbàdo náà ni.

Fọ́tò tí o fi sórí WhatsApp ìjọ ló mú mi kọ̀wé. Ọmọkùnrin kékeré, ikun ń ṣàn nímú rẹ̀, bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ ti já tán, kò wọ bàtà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn èèyàn ti ń kọ "Ó mà ṣe o" sábẹ́ rẹ̀, ẹlòmíì ní kí o fi àkáǹtì ránṣẹ́. Mo mọ̀ pé o kò ní èrò burúkú lọ́kàn. Ṣùgbọ́n mo wo fọ́tò yẹn títí, mo wá rí i pé wọ́n fá orí ọmọ náà mọ́ tónítóní, abẹ kò ṣá a níbì kankan. Ẹnì kan fi sùúrù jókòó ti ọmọ yẹn, ó fá a lórí kó tó wá sí kíláàsì rẹ. Onítọ̀hún ni o kò fi hàn wá.

Yọ ọ́ kúrò, ọmọ mi. Tí o bá tún fẹ́ ya ọmọ kankan, kọ́kọ́ lọ bá àwọn òbí rẹ̀ nílé. Ìwọ náà lo sọ fún mi pé àwọn obìnrin ibẹ̀ ń kúnlẹ̀ kí àgbà bíi tiwa. Kúnlẹ̀, kí o tọrọ.

Èmi náà ti jẹ̀bi irú rẹ̀ rí. Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ọmọ kan kò mọ àkọ́sórí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo bá ní kó wà lórí ìdúró títí a fi jáde. Kò wá mọ́. Mo wá a dé Ọ̀yìngbò, mo bá òun àti ìyá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń to iṣu. Ìyá náà kò bínú rárá. Ó ní, "Tíṣà, aago mẹ́ta òru la máa ń jí torí ọjà. Oorun ló ń kun ọmọ yìí." Mi ò dé ọ̀dọ̀ wọn rí ṣáájú ọjọ́ yẹn. Títí di òní, ojú máa ń tì mí tí mo bá ń kọjá níwájú àwọn oníṣu.

O mọ ìtàn Àjàyí Crowther. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, Freetown ló ti kàwé. Gbogbo ọdún tó fi ń kàwé yẹn, ìyá rẹ̀ wà láyé, kò mọ ibi tí ọmọ òun wọlẹ̀ sí. Ọdún 1846 ni wọ́n tó fojú kan ara wọn l'Ábẹ́òkúta. Ìyá yẹn ni mo máa ń rò. Nígbà tí Crowther fúnra rẹ̀ sì di míṣọ́nnárì lọ sí Oníṣà ní 1857, ọdún yẹn náà ló ṣe ìwé kíkà lédè Ìgbò. Nítorí náà, má dúró lórí "zikomo", "ẹ ṣé" tiwọn, nìkan. Jẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn kọ́ ọ ní Chichewa, èdè wọn, kí wọ́n rí ọ níbi tí o ti ń ṣì í.

Bísíkíìtì tí ẹ ń pín, ẹ pín in kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ kò fẹ́ kó dúró lè mú tirẹ̀ máa lọ. Mùsùlùmí ni ìyá bàbá rẹ ní Ìsàlẹ̀ Èkó títí ọlọ́jọ́ fi dé, o sì mọ bó ṣe fẹ́ràn rẹ tó.

Tí o bá rí ẹni tó fá orí ọmọ yẹn, bá mi kí i. Sọ fún un pé ìyá rẹ l'Ékòó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.