Ọwọ́ Ti Mọ̀ Ọ́n Tipẹ́

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, màmá kan nínú ìjọ wa di ọwọ́ mi mú lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun ti fi aṣọ bo máṣíìnì ìránṣọ òun, torí ojú òun ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. “Pásítọ̀, iṣẹ́ tèmi ti parí.” Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé.

Obìnrin ayàwòrán kan ló wá sí mi lọ́kàn: Emily Kame Kngwarreye, ọmọ ẹ̀yà Anmatyerre, lára àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ ní Ọsirélíà. Nǹkan bí ọdún 1910 ni wọ́n bí i ní Alhalkere, ní agbègbè Utopia, nínú aginjù tó kọjá ìlú Alice Springs. Ó ṣiṣẹ́ nínú oko màlúù àwọn òyìnbó, ó sì da ràkúnmí. Ó ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún nígbà tí wọ́n kọ́ àwọn obìnrin ibẹ̀ ní bátíìkì ní 1977, èyí tó jọ àdìrẹ alábẹ́là tiwa. Ó ṣe é fún bí ọdún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n kí ìda tó lè kúrò lára aṣọ, àfi kí wọ́n sè é nínú omi híhó. Ó sú u. Ojú rẹ̀ náà sì ti ń ṣe bàìbàì. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, kò fi pa mọ́.

Láàárín 1988 sí 1989 ni wọ́n pín kánfáàsì, aṣọ tí àwọn ayàwòrán ń ya àwòrán sí, fún wọn. Láti ìgbà náà títí ó fi kú ní 1996, iṣẹ́ tó yà tó nǹkan bí 3,000.

Kì í ṣe pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n yà o! Tipẹ́tipẹ́ ni òun àti àwọn obìnrin ẹbí rẹ̀ ti ń po amọ̀ aláwọ̀ mọ́ ọ̀rá, tí wọ́n ń fi fa ìlà sí àyà àti apá ara wọn fún awelye, ayẹyẹ ìbílẹ̀ àwọn obìnrin. Ìlà kan náà ló gbé lọ sórí kánfáàsì. Èso iṣu inú aginjù ni orúkọ rẹ̀, Kame, ń tọ́ka sí. Ní 1995 ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì fi ọjọ́ méjì ya gbòǹgbò iṣu náà, ìlà funfun lórí dúdú, lórí aṣọ tó fẹ̀ tó mítà 8. Ẹ̀yin àgbẹ̀ inú wa tẹ́ ẹ ti rí i bí ebè ṣe ń sán nígbà tí iṣu bá ta, ó máa yé yín.

N ò pè é ní Kristẹni. Ìtàn ilẹ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀ ló ń yà, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Àmọ́ mo rántí Mósè. Olúwa bi í pé kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pá tó fi ń da ẹran ni. Ọlọ́run ò fún un ní òmíràn, òun náà ló gbé dé iwájú Fáráò ní ẹni 80 ọdún.

Màmá, n óò yà sọ́dọ̀ yín ní Ọjọ́rú kí ìpàdé àdúrà tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ akọrin ń wá ẹni tó máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gé bùbá. Wọ́n á máa bá yín ki òwú bọ abẹ́rẹ́.