Ẹ̀ẹ̀mejì La Kọ́ Ilé-Ìwé, Wọ́n Tún Lé Ọmọ Wa Jáde

Sí Olóòtú,

Ẹ bá mi wá àyè fún lẹ́tà yìí nínú ìwé ìròyìn yín, torí ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n rí oorun sùn láti ọjọ́ Ajé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé náà, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, mo bá ọmọbìnrin kan tó jókòó síwájú ère Màríà Wúńdíá nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó wọ yúnífọ́ọ̀mù, ó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, ó sì di bébà kékeré kan mú. Orúkọ rẹ̀ ló wà lórí bébà náà, àti iye owó ilé-ìwé tí ìyá rẹ̀ kò tíì san. Wọ́n fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí ló dé tí kò lọ sílé. Ó ní ìyá òun ti kiri ẹ̀kọ lọ, kọ́kọ́rọ́ kò sì sí lọ́wọ́ òun. Kíláàsì kẹta ló wà. Níbi tó jókòó sí yẹn, à ń gbọ́ ohùn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń kàwé tẹ̀lé tíṣà wọn.

Ìyá ọmọ yìí ló ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní gbogbo Sátidé. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, kò sì gba kọ́bọ̀ rí. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú, wọ́n kéde fún wa nígbà Mísà pé a ó gbé igbá owó lẹ́ẹ̀kejì, pé ti ilé-ìwé díósísì ni, ìyẹn gbogbo agbègbè tó wà lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù wa. Bẹ́ǹṣì kan náà ni èmi àti obìnrin yìí jókòó sí. Mo rí i bó ṣe tú kókó etí ìró rẹ̀, tó mú ₦500 jáde, tó fi sínú igbá. Ọjọ́ Ìsinmi ló dáwó fún ilé-ìwé. Ọjọ́ Ajé ni ilé-ìwé lé ọmọ rẹ̀ jáde.

Kí ni wọ́n ń fi owó yẹn ṣe? Ta ló ń kó o? Ilé-ìwé wo ló ń dé? Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni jí i. Mi ò mọ̀ ni, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó mọ̀, nítorí kò sí ẹni tó jíhìn fún wa rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi dùn mí wọ egungun. Ẹ̀ẹ̀mejì la kọ́ ilé-ìwé yẹn. Àwọn òbí wa ló kọ́ ti àkọ́kọ́. Bàbá mi wà lára àwọn tó fi orí ru yangí fún ìpìlẹ̀. Àwọn ìyá wa ló pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀. Mo wọ ibẹ̀ lọ́dún 1959, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ìjọba ń fún ìjọ lówó tí wọ́n fi ń san owó oṣù tíṣà, ìjọ ló ni ilé, ìjọ ló ń bojú tó o, mi ò sì rí ọmọ kankan tó jókòó síta nítorí owó. Èmi náà ti di tíṣà nígbà tí ìjọba ológun gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ láàárín ọdún 1970 sí 1979. Wọ́n gba ilé, wọ́n gba ilẹ̀, wọ́n fi orúkọ ẹni mímọ́ sílẹ̀ lára pátákó. Lónìí, òrùlé kíláàsì méjì ti ṣí níbẹ̀, ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀. Ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ilé-ìwé padà fún àwọn ìjọ lọ́dún 2001, St. Gregory's College ní Obalende, tó ti wà láti 1928, sì wà lára wọn. Ní tiwa níbí, nígbà ìbò ni àwọn olóṣèlú máa ń rántí rẹ̀. Tí ìbò bá ti tán, ó tán náà nìyẹn.

Nígbà tó sú wa, a kọ́ òmíràn sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwa obìnrin inú CWO, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Kátólíìkì, ta mọ́ínmọ́ín lẹ́yìn Mísà fún odidi ọdún méjì nítorí ilé yẹn. Àwọn ọkùnrin gbẹ́ ìpìlẹ̀, àwọn akọrin ru búlọ́ọ̀kù. Páànù ìdì kan jáde nínú owó àjẹsílẹ̀ tí ìjọba san fún mi. Ilé-ìwé tí a fi òógùn wa kọ́ lẹ́ẹ̀kejì yìí ló lé ọmọ ẹni tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì jáde lọ́jọ́ Ajé.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àwọn tíṣà ló burú. Mo mọ̀ wọ́n. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ kíláàsì kẹta ọ̀hún ń gba ₦30,000 lóṣù, wọ́n sì jẹ ẹ́ ní oṣù méjì. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024 jẹ́ ₦70,000. Tirẹ̀ kò tó ìdajì. Ó máa ń gbé bisikí àti pọfupọ́ọ̀fù wá tà fún àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n bá jáde ṣeré kó lè rí owó ọkọ̀ padà sílé. Òun gan-an ni wọ́n ní kó ka orúkọ àwọn ọmọ tó jẹ owó. Ó sọ fún mi pé nígbà tí òun dé orúkọ ọmọ agbálẹ̀ yẹn, òun fò ó, pé ọ̀gá ilé-ìwé ló gba ìwé náà lọ́wọ́ òun tó kà á fúnra rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé náà ní bí owó kò bá wọlé, kò sí owó oṣù. Kò parọ́. Kò sí ibòmíràn tí owó ti ń wá bá a.

Bẹ́ẹ̀ ni díósísì kan náà yìí ní ilé-ìwé mìíràn láàárín ìgboro tí àwọn ọmọ ń gbé inú rẹ̀, tó ní bọ́ọ̀sì mẹ́ta, tó ní jẹnẹrétọ̀ ńlá, tí àwọn ọlọ́lá ti ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó gba ọmọ wọn wọlé. Mi ò bínú sí i. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ díósísì kan náà ló wà lára pátákó méjèèjì, Bíṣọ́ọ̀bù kan náà ló ni wọ́n. Báwo ni ọmọ ìyá méjì ṣe ń gbé inú ilé kan, tí ọ̀kan ń yó tí èkejì ń sùn lébi, tí ẹni tó ni ilé kò bi wọ́n léèrè ohunkóhun?

Mo lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ díósísì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ní Fada tó ń ṣàkóso ibẹ̀ kò sí, ó wà ní pàríìṣì rẹ̀, ìyẹn ìjọ tó ń bojú tó. Pàríìṣì kan àti àwọn abúlé tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló wà lọ́rùn rẹ̀, ilé-ìwé gbogbo díósísì sì tún wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó dá mi lóhùn pè mí ní Màmá, ó fún mi ní àga, ó fún mi lómi tútù. Ó wá ní, "Màmá, ẹ ṣé, ṣùgbọ́n ilé-ìwé kì í ṣe ẹgbẹ́ aláàánú." Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbé padà sílé. Ìwé tí Àpérò Fátíkánì Kejì, ìpàdé ńlá àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì àgbáyé, gbé jáde lórí ẹ̀kọ́ ní 28 Oṣù Kẹwàá 1965 ní kí ilé-ìwé Kátólíìkì máa ro ti àwọn tálákà. Ṣé àwọn tó wà ní ọ́fíìsì kò kà á ni?

Wọ́n mọ òfin tó kàn wá dáadáa. Òfin Ìjọ ti ọdún 1983, nọ́ńbà 800, ní kí àwa ọmọ ìjọ ran ilé-ìwé Kátólíìkì lọ́wọ́ bí agbára wa bá ṣe mọ. Wọ́n máa ń ka èyí fún wa kí igbá tó jáde. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà 806 nínú ìwé kan náà fún Bíṣọ́ọ̀bù láṣẹ láti bojú tó gbogbo ilé-ìwé Kátólíìkì tó wà lágbègbè rẹ̀ àti láti bẹ̀ wọ́n wò, títí kan èyí tí àwọn Sísítà dá sílẹ̀. Nọ́ńbà 1287 ní kí àwọn tó ń ṣàkóso ohun tí ọmọ ìjọ dá jíhìn rẹ̀ fún ọmọ ìjọ. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọ́fíìsì, èyí tó kan tiyín ńkọ́? Ta ló gbé igbá, ta ló ka owó, ilé-ìwé wo ló dé?

Láyé tí mo wà ní kékeré, Fada ni mánéjà ilé-ìwé wa, alùpùpù ló ń gùn. A ó ti gbọ́ ìró rẹ̀ láti òdìkejì odò, hẹ́dímásítà á sì ti máa wá ìwé ìpè orúkọ kiri. Bó bá dé, yóò ka orí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò fi iye wa wé iye tó wà nínú ìwé. Lẹ́yìn náà yóò rìn lọ sẹ́yìn, yóò yọjú wo ṣáláńgá. Òyìnbó ni, bí ó ti ga tó, yóò tẹ̀ orí ba kó tó lè wọlé. Tí ṣáláńgá bá dọ̀tí, a ò ní lọ sílé títí yóò fi mọ́. Mi ò sọ pé gbogbo nǹkan ìgbà yẹn ló dára, torí ẹgba pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ń wá. Láti ọdún mẹ́ta báyìí, kò sí ẹni tó ti ọ́fíìsì wá wo ilé-ìwé wa.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe rèé, ó sì ti wà lọ́kàn mi tipẹ́. Kí díósísì dá àpò kan sílẹ̀ fún gbogbo ilé-ìwé rẹ̀. Kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan máa mú díẹ̀ wá síbẹ̀ ní sáà kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ọmọ rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó, kí owó igbá kejì náà máa wọ ibẹ̀, kí wọ́n sì máa fi ran èyí tí kò lágbára lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ilé-ìwé ńlá kan bá ní ọmọ 600, tí wọ́n yọ ₦2,000 sọ́tọ̀ lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, ₦1,200,000 nìyẹn ní sáà kan. Owó yẹn tó láti fi ₦40,000 kún owó oṣù tíṣà mẹ́wàá fún oṣù mẹ́ta gbáko. Tíṣà tó ń gba ₦30,000 á di olówó oṣù ₦70,000. Òbí tó ń san owó ilé-ìwé tó ga báyẹn kò ní mọ̀ ọ́n lára rárá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè: àwọn ilé-ìwé wa ní abúlé ló ń bí àwọn ọmọ tó ń lọ di Fada àti Sísítà tó ń ṣàkóso ilé-ìwé ìgboro.

Owó igbá kejì yẹn náà pọ̀, bí wọ́n bá jẹ́ ká rí i. Lọ́jà wa, ẹni tó bá ń dá àjọ ₦200 lójúmọ́ ní káàdì. Alájọ máa ń fa igi síbẹ̀ lójú rẹ̀. Bí oṣù bá parí, wọn á jọ ka igi náà, alájọ á yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí èrè rẹ̀, á san ìyókù. Obìnrin tí kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà mọ iye rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ alájọ dórí kọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kí wọ́n ṣe fún wa. Kí wọ́n lẹ bébà mọ́ ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ní ìparí sáà: iye tó wọlé, pàríìṣì tó ti wá, ilé-ìwé tó lọ, iye ọmọ àti tíṣà tó jẹ àǹfààní rẹ̀. Ní èdè Yorùbá, kí agbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lè kà á. Kí tíṣà méjì tó ti fẹ̀yìntì àti obìnrin ọlọ́jà kan máa bá Fada mú ìwé báńkì náà. A lè ṣe é. Kí Fada kankan tó wá jókòó sí Èkó lọ́dún 1868, ẹrú tó ti gba òmìnira, tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, tí kì í ṣe àlùfáà, ló ń kó àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì, jọ fún àdúrà. Ọmọ ìjọ ló di ilé mú nígbà náà.

Kí ẹni tó bá wà ní ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ má ní pàríìṣì lọ́rùn, kí iṣẹ́ ilé-ìwé jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ nìkan. Kí wọ́n má lé ọmọ síta mọ́ láàárín ẹ̀kọ́. Òbí ni kí wọ́n ránṣẹ́ pè. Kí ìjọba dá ilé-ìwé wa àtijọ́ padà kó tó wó lulẹ̀ tán.

Mo san owó ọmọ yẹn lọ́jọ́rú nínú owó fẹ̀yìntì mi, ó ti padà sí kíláàsì. Bébà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo sì máa mú un dání lọ sí ìpàdé pàríìṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, torí wọ́n ti kéde pé igbá kejì yóò tún jáde. Àwọn tí wọ́n lé pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ náà jẹ́ mẹ́rìnlá. Mi ò ní owó tí mo lè fi san tiwọn, mẹ́sàn-án ló sì ṣì wà nílé títí di òní tí mo ń kọ lẹ́tà yìí.

Èmi ni tiyín,
Ìyá tíṣà tó ti fẹ̀yìntì