Olótùú, ẹ bá wa sọ̀rọ̀ ọmọ ẹja náà

Ẹ̀yin Olótùú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Mo máa ń ka ojú ewé àgbẹ̀ yín dáadáa, mo sì ń gbádùn ẹ̀, àmọ́ gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ti kọ nípa ọ̀sìn ẹja àrọ̀, owó fíìdì, ìyẹn oúnjẹ ẹja, ni, ọjà ni, oṣù mélòó ló máa fi tó kílò kan ni. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ ayé ẹja yẹn, ẹ ò kàn án rárá. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lẹran tá a fẹ́ tà ti ń bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí.

Ẹran tí à ń jẹ lára ẹja, iṣan tó fi ń wẹ̀ ni. Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló kóra jọ di iṣan yẹn. Tó bá jẹ́ èèyàn ni, tàbí màlúù, tàbí ewúrẹ́, iye fọ́nrán tí wọ́n bí i mọ́ ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i mọ́, ńṣe làwọn tó wà níbẹ̀ kàn ń sanra bó ṣe ń dàgbà. Ẹja ò rí bẹ́ẹ̀ o! Ẹja tó máa ń tóbi dáadáa á ṣì máa dá fọ́nrán tuntun sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tó ti jáde nínú ẹyin, àwọn ti tẹ́lẹ̀ náà á tún máa sanra lọ. Àwọn kéékèèké bíi zebrafish tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí, ìyẹn tètè máa ń dáwọ́ fọ́nrán tuntun dúró.

Ẹyin àrọ̀ máa ń pa ní bí ọjọ́ kan tómi bá gbóná tó 28°C. Nígbà tọ́mọ ẹja bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, fọ́nrán pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, funfun wà lábẹ́. Tó bá ń dàgbà, pupa yẹn á kó jọ sójú kan lábẹ́ awọ, funfun á wá gba gbogbo ibi tó kù. Ẹni tó bá ti se ẹja títọ́ọ̀sì rí ti rí i, ọ̀nà dúdú tó gba ẹ̀gbẹ́ ẹja lọ títí dé ìrù yẹn ni. Òun lẹja fi ń rìn jẹ́jẹ́, funfun ló fi ń ta sá tí nǹkan bá dẹ́rù bà á. Sẹ́ẹ̀lì kéékèèké kan wà tó lẹ̀ mọ́ ara fọ́nrán, àwọn ló ń pín tí wọ́n ń pọ̀ sí i, òmíràn á di fọ́nrán tuntun, òmíràn á wọnú èyí tó ti wà kó lè sanra. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé téèyàn bá gé ẹran ẹja tó ń dàgbà wò lábẹ́ máíkírósíkópù, á rí fọ́nrán kékeré tó há sáàrin àwọn ńlá.

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni iṣẹ́ táwọn onímọ̀ Yunifásítì St Andrews ní Scotland gbé jáde lọ́dún 2008. Wọ́n kó ẹyin ẹja salmon sínú omi tó tutù jura lọ, 2°C, 5°C, 8°C àti 10°C, kìkì ìgbà tọ́mọ wà nínú ẹyin títí ojú ẹ̀ fi hàn, lẹ́yìn náà wọ́n tọ́ gbogbo wọn bákan náà. Nígbà tí wọ́n dàgbà, iye fọ́nrán wọn ò dọ́gba, àwọn ti 5°C ló ní jù. Ẹyin lásán o, ó sì hàn lára àgbà ẹja! Kí ẹnikẹ́ni má lọ fi omi yìnyín sínú fáàtì, ìyẹn ọpọ́n ńlá tí wọ́n ń tọ́ àrọ̀ sí o, ẹja òtútù ni salmon, tiwa fẹ́ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ara ẹja ò gbàgbé bí wọ́n ṣe tọ́jú ẹ̀ ní kékeré.

Ẹ wá wo bá a ṣe ń ṣe é n'Íbàdàn níbí. Ọyẹ́ dé, omi tutù lóru, ẹlòmíì ò ní da nǹkan kan bo fáàtì. Yóòkù, ìyẹn oúnjẹ tọ́mọ ẹja gbé wá látinú ẹyin, tán láàárín bí ọjọ́ mẹ́ta, atẹ́mià, ẹran omi tíntìntín tí wọ́n fi ń bọ́ ọmọ ẹja, sì wọ́n, wọ́n bá fi oúnjẹ lẹ́búlẹ́bú tí ò ní púrótéènì gidi bò ó mọ́lẹ̀. Oníbàárà ò tètè dé, wọ́n dá oúnjẹ dúró kí fíngálìn, ìyẹn ọmọ ẹja tó tó ìka, má baà tóbi jù. Lóòótọ́ ẹja tébi pa fúngbà díẹ̀ máa ń sáré dàgbà tóúnjẹ bá dé, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n fọ́nrán ò lè ti inú afẹ́fẹ́ wá, púrótéènì ni wọ́n fi ń dá a, àti pé ebi yẹn ló tún ń jẹ́ káwọn ọmọ ẹja máa jẹ ara wọn, ṣúútà, ìyẹn èyí tó sáré tóbi ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, á yọ láàrin wọn, àwọn tó kù á tán. Ó dùn mí gan-an, torí ẹni tó rà á lowó ẹ̀ ń wọgbó, á máa da fíìdì, á máa retí.

Olótùú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán akọ̀ròyìn kan lọ sí ẹ̀ka ọ̀sìn ẹja ní Yunifásítì Ìbàdàn, kó lọ bi wọ́n báwo lèèyàn ṣe máa mú omi fáàtì lọ́wọ́ọ́rọ́ nígbà ọyẹ́ láìjẹ gbèsè díísù jẹnẹrétọ̀, kí lèèyàn tún lè fún ọmọ ẹja tí ò bá rówó atẹ́mià, àti ìbéèrè wo ló yẹ kí oníbàárà bi ẹni tó ń ta fíngálìn kó tó sanwó. Ẹ bá wa gbé e jáde kí ọyẹ́ tó ń bọ̀ tó wọlé.

Ìyá Ẹlẹ́ja,
Àpáta, Ìbàdàn.